Una àti Kìnnìún 1839 àbí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀: èwo gan-an ni kí ẹ fi owó yín rà?

Àbúrò mi obìnrin tó ń gbé ní Peckham fi fọ́tò kan ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp lálẹ́ Sátidé kan, ó ní "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá mi wò ó, ṣé kí n rà á?" Kọ́ìnì wúrà ni, obìnrin kan tó wọ aṣọ gígùn ló wà lẹ́yìn rẹ̀, kìnnìún ńlá ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ, wọ́n wá kọ 1839 gàdàgbà sí àkọlé ọjà náà, wọ́n ní ẹgbẹ̀rún kan pọ́n-ùn ni. Mo ní kó má tíì fọwọ́ kan káàdì báńkì ẹ̀ rárá. Ìdí ni pé kọ́ìnì tó ń jẹ́ Una àti Kìnnìún gan-an, èyí tí wọ́n tẹ̀ láyé Victoria, ọ̀kan nínú wọn lọ ní gbàǹjo ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2021, owó tí wọ́n san lé e lórí ju mílíọ̀nù kan dọ́là lọ. Ẹni tó ní irú ẹ̀ nílé ò lè máa tà á ní ẹgbẹ̀rún kan pọ́n-ùn fún ẹni tí kò rí sójú rí.

Ṣùgbọ́n mi ò lè bá àbúrò mi wí pé ó wù ú, torí ó wu èmi náà, ó sì ti pẹ́ tó ti ń wù mí. Mo kàn jókòó, mo to gbogbo ohun tí ẹni tó fẹ́ràn kọ́ìnì yẹn lè rà síwájú ẹ lọ́kọ̀ọ̀kan, èyí tó lówó lórí àti èyí tí òṣìṣẹ́ lásán lè rà. Ohun tí mo sọ fún un nìyí, mo kàn fẹ̀ ẹ́ lójú sí i fún gbogbo wa ni.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ èyí tó ká mi lára jù. Nínú irú kọ́ìnì báyìí, wúrà inú rẹ̀ kọ́ lẹ ń ra, ojú ara rẹ̀ lẹ ń ra. Sovereign kan, ìyẹn pọ́n-ùn kan ní wúrà, gíráàmù 7.98 ni, kárátì méjìlélógún sì ni, nítorí náà kọ́ìnì pọ́n-ùn márùn-ún bíi Una ò ju bíi gíráàmù mẹ́rìndínlógójì ààbọ̀ wúrà pọ́ńbélé lọ. Ẹ lọ wo iye tí wọ́n ń ra wúrà lónìí, ẹ sọ ọ́ di iye yẹn, ẹ wá fi wé mílíọ̀nù kan dọ́là. Gbogbo ohun tó wà láàrin méjèèjì, ti ọwọ́ ẹni tó gbẹ́ ẹ ni, ti bó ṣe ṣọ̀wọ́n ni, àti ti pé ẹnikẹ́ni ò tíì fi nǹkan nù ún, ò fọ̀ ọ́, ò so ó mọ́ ọrùn.

Una 1839 fúnra rẹ̀

Kọ́ìnì àpẹẹrẹ ni wọ́n ń pe irú ẹ̀. Kí ilé tí wọ́n ti ń tẹ owó tó gbé owó tuntun jáde, ọ̀gá agbẹ́nà ibẹ̀ á kọ́kọ́ gbẹ́ àwòrán rẹ̀ sára irin, wọ́n á fi tẹ ìwọ̀nba díẹ̀ káwọn aláṣẹ lè wò ó. Wọ́n lè gbà á, wọ́n sì lè ní àwọn ò fẹ́. Àwọn mìíràn wà tó jẹ́ pé àwọn tó ń kó kọ́ìnì jọ ni wọ́n tìtorí wọn tẹ̀ ẹ́. Pọ́n-ùn márùn-ún ni iye Una lórúkọ, àmọ́ kò dé ọjà rí, kò sẹ́ni tó fi san owó ilé.

William Wyon ló gbẹ́ ẹ. Birmingham ni wọ́n ti bí i lọ́dún 1795, láti 1828 ló sì ti di ọ̀gá àwọn agbẹ́nà ní Royal Mint, tó wà ní Tower Hill ní Lọ́ńdọ̀nù nígbà yẹn. Lọ́dún 1839 Victoria ò ju ọmọ ogún ọdún lọ, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ lo ọdún méjì lórí ìtẹ́ ni, kò tíì lọ́kọ, oṣù kejì ọdún tó tẹ̀ lé e ló ṣègbéyàwó. Nínú ewì gígùn kan tí Edmund Spenser kọ ní nǹkan bí igba ọdún ó lé àádọ́ta ṣáájú, omidan kan wà tó ń jẹ́ Una, kìnnìún pàdé ẹ nínú igbó, dípò kó pa á jẹ, ńṣe ló fara balẹ̀ tó sì ń ṣọ́ ọ. Wyon wá mú ojú Victoria, ó fi fún Una. Ọmọdébìnrin tó di ọ̀pá àṣẹ mú, tí kìnnìún tó dúró fún ilẹ̀ Bírítíìnì ń tẹ̀ lé bí ẹni tó mọ olówó rẹ̀. Mi ò mọ kọ́ìnì míì láyé tó sọ ìtàn tó pọ̀ tó yẹn níbi tó kéré tó yẹn, èrò ọkàn mi nìyẹn, mi ò sì ní gbà kẹ́nikẹ́ni yí mi lérò padà.

Ibì kan wà tí mo máa ń fẹ́ kí Yorùbá fojú sí dáadáa. Èdè Látìnì tí wọ́n kọ yí àwòrán yẹn ká, oríṣi méjì ló wà. Àwọn kan kọ DIRIGE DEUS GRESSUS MEOS, àwọn kan kọ DIRIGIT DEUS GRESSUS MEOS. Àkọ́kọ́ ń sọ pé kí Ọlọ́run tọ́ ìṣísẹ̀ mi, èkejì ń sọ pé Ọlọ́run ń tọ́ ìṣísẹ̀ mi. Ẹ rí i, ọ̀kan àdúrà, ọ̀kan ẹ̀rí. Èyí tó jẹ́ ẹ̀rí ló ṣọ̀wọ́n jù nínú méjèèjì, tẹ́ ẹ bá rí i nínú ìwé gbàǹjo ẹ máa rí i pé wọ́n fi ariwo tọ́ka sí i. Ẹ tún wo etí rẹ̀: àwọn kan ní DECUS ET TUTAMEN ANNO REGNI TERTIO yí ká, ìyẹn ni pé ohun ọ̀ṣọ́ àti ààbò, ọdún kẹta ìjọba ọbabìnrin, àwọn kan sì dán gbòlọ̀ láìsí lẹ́tà kankan. Méjèèjì jẹ́ ojúlówó, nítorí náà ẹ má jẹ́ kẹ́nì kan sọ fún yín pé etí tó dán ló fi hàn pé ayédèrú ni, tàbí pé lẹ́tà tó wà létí ló fi hàn pé gidi ni.

Wọ́n tà á mọ́ àpótí odindi, kọ́ìnì mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú àpótí kan, láti orí pọ́n-ùn márùn-ún títí dé fádínì, nǹkan bí ọ̀ọ́dúnrún àpótí. Àwọn tó mọ̀ nípa ẹ̀ máa ń sọ pé Una tí wọ́n tẹ̀ lápapọ̀ ò ju nǹkan bí irínwó lọ.

Mo ti gbé ọ̀kan dání rí. Àwọn ilé gbàǹjo ní Lọ́ńdọ̀nù máa ń ní ọjọ́ tí wọ́n ní káwọn èèyàn wá wo ọjà kí wọ́n tó lù ú ní gbàǹjo, ẹ ò ní san kọ́bọ̀, ẹ kàn máa fi orúkọ sílẹ̀ ni. Arábìnrin tó dá mi lóhùn tẹ́ aṣọ àrán dúdú sórí tábìlì, ó yí iná kékeré sí mi, ó ní kí n fi ìka méjì di etí rẹ̀ mú, kí n má jẹ́ kí àtàǹpàkò kan ojú ẹ̀. Ó wúwo ju bí mo ṣe rò lọ. Mo yí i díẹ̀ sábẹ́ iná, ilẹ̀ tó tẹ́jú lẹ́yìn obìnrin yẹn kàn dúdú lójijì bí omi inú kànga, obìnrin àti kìnnìún wá yọ jáde ní àwọ̀ ràkọ̀ràkọ̀ bí ìgbà téèyàn bu eérú tó kúnná wọ́n wọn lára, irun ọrùn kìnnìún ṣe é kà. Mo mí kanlẹ̀. Mo tún wá yí i síhà kejì, ohun tí mi ò fẹ́ rí ló yọ: àwọn ìlà tín-ín-rín bí irun, tí gbogbo wọn kọrí síbì kan náà, látòkè ejìká obìnrin náà dé etí. Ẹnì kan ló fi aṣọ nù ún nígbà kan, ó ṣeé ṣe kó ti lé lọ́gọ́rùn-ún ọdún, kí ẹni náà sì rò pé òun ń tọ́jú ẹ̀ ni. Nínù ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo yẹn ti jẹ owó tó lè ra ilé. Látọjọ́ yẹn ni mo ti mọ̀ pé fọ́tò tí wọ́n yà tààrà látòkè kò sọ nǹkan kan fúnni, ẹ máa béèrè fídíò tí wọ́n ti ń yí kọ́ìnì náà sábẹ́ iná.

Nítorí náà, ta ni Una yẹ? Ẹni tówó rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí kò sì ní fi ìkánjú rà á. Tó bá jẹ́ pé ẹ máa yáwó kẹ́ ẹ tó rà á, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sílẹ̀.

Àwọn tó jọ ń bá a du ipò

Èyí tó sún mọ́ ọn jù lọ́kàn mi ni pọ́n-ùn márùn-ún George Kẹrin, 1826. Wyon kan náà ló gbẹ́ ojú ọba, àwòrán tí Chantrey gbẹ́ ló wò, Jean Baptiste Merlen ló gbẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀, asà aládé tí aṣọ ìgúnwà ọba bò lẹ́yìn. Nǹkan bí àádọ́jọ ni wọ́n tẹ̀, ẹ wá ṣírò ẹ̀, ó fi ìlọ́po méjì àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ṣọ̀wọ́n ju Una, síbẹ̀ iye tí wọ́n ń rà á ò sún mọ́ ti Una rárá. Kí ló fà á? Asà lásán ò lè bá obìnrin àti kìnnìún du ọkàn àwọn èèyàn. Ibi tí mo ti rí i pé ṣíṣọ̀wọ́n nìkan kọ́ ló ń dá iye lé kọ́ìnì nìyẹn. Fún ẹni tó lówó gidi àmọ́ tí kò tó ti Una, tó sì fẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ tó péye, 1826 ni mo máa ní kó wá. Ẹ wo etí rẹ̀ o, ANNO REGNI SEPTIMO ló yẹ kó wà níbẹ̀.

Tó bá jẹ́ ṣíṣọ̀wọ́n ni ẹnì kan ń wá kiri, a jẹ́ pé ti George Kẹta ní 1820 ló ń wá. Pistrucci ará Ítálì ló gbẹ́ ẹ, Jọ́ọ̀jì Mímọ́ lórí ẹṣin, dírágónì lábẹ́ pátákò ẹṣin. Ọba kú ní ọjọ́ 29 oṣù kìíní ọdún yẹn, kọ́ìnì náà ò sì dé ìgboro, nǹkan bíi márùndínlọ́gbọ̀n péré ni wọ́n tẹ̀ tó ní lẹ́tà létí. Ẹ lè dúró ọ̀pọ̀ ọdún kí ọ̀kan tó jáde. Ní ti William Kẹrin, kò ní pọ́n-ùn márùn-ún rárá, pọ́n-ùn méjì 1831 ni ẹ máa rí, tó dára lójú, tó kéré lọ́wọ́, mi ò ní ohun púpọ̀ láti sọ lórí ẹ.

Ó wá ku pọ́n-ùn márùn-ún tó dé ọwọ́ ará ìlú, ti 1887 àti ti 1893. Lọ́dún 1887 Victoria pé àádọ́ta ọdún lórí ìtẹ́, wọ́n tẹ 53,844 fún gbogbo èèyàn, wọ́n sì tẹ prúùfù, ìyẹn èyí tí wọ́n dìídì tẹ̀ dáadáa fún àwọn tó ń kó kọ́ìnì jọ, 797. Ti 1893 jẹ́ 20,405 pẹ̀lú prúùfù 773. Boehm ló ṣe orí ti 1887, adé kékeré kan jókòó sórí rẹ̀, Brock ló ṣe ti 1893, ìyá àgbà tó fi ìbòrí borí. Ẹ̀yìn méjèèjì, Jọ́ọ̀jì Mímọ́ Pistrucci yẹn náà ni. Iwọ̀n rẹ̀ gíráàmù 39.94, ìbú rẹ̀ mìlímítà mẹ́rìndínlógójì. Tí ohun tó wù yín bá jẹ́ kí ẹ di wúrà ńlá ayé Victoria mú lọ́wọ́, èyí ti tó, pàápàá ti 1893 tí mo fẹ́ràn ojú ẹ̀ ju ti 1887 lọ.

Àmọ́ ti 1887 ló kọ́ mi lọ́gbọ́n. Mo ra ọ̀kan lọ́wọ́ ẹnì kan nígbà tí mi ò tíì mọ nǹkan kan, iye tó pè é dín díẹ̀ sí ti ọjà, mo sì rò pé mo jèrè. Nígbà tí mo délé tí mo fi gíláàsì tó ń mú nǹkan tóbi nílọ̀ọ́po mẹ́wàá wo etí rẹ̀, mo rí i pé gbogbo eyín kéékèèké tó yí etí ká ń lọ geere, tó bá wá ku díẹ̀ kó dé òkè orí ọbabìnrin, eyín bíi mẹ́rin ti dán, wúrà ibẹ̀ pọ́n díẹ̀ ju ibi tó kù lọ. Ẹnì kan ti jó o mọ́ ẹ̀gbà ọrùn rí, wọ́n tún yọ ọ́, wọ́n fi fáìlì rún un kó lè jọ pé kò sí nǹkan kan. Mo gbé e lọ fún oníṣòwò kọ́ìnì mìíràn, kò tiẹ̀ wò ó lẹ́ẹ̀mejì, ó ní iye wúrà inú ẹ̀ nìkan lòun lè san. Ẹni tó tà á fún mi ní òun ò mọ̀. Àwa ẹ̀yà wa fẹ́ràn wúrà lọ́rùn, ọ̀pọ̀ ìyá wa ló ní sovereign tí wọ́n so rọ̀, kò sì sí ohun tó burú níbẹ̀, ó lẹ́wà. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra kọ́ìnì gẹ́gẹ́ bíi kọ́ìnì, etí lẹ máa kọ́kọ́ wò kẹ́ ẹ tó wo ojú.

Una tuntun àti ayédèrú

Ohun tí wọ́n fẹ́ tà fún àbúrò mi ńkọ́? Lọ́dún 2019 Royal Mint, tó ti kó lọ sí Llantrisant ní Wales tipẹ́, tún àwòrán Una yẹn tẹ̀ fúnra wọn, ní wúrà àti ní fàdákà. Erékùṣù St Helena náà ti ní tiẹ̀. Kò sí ẹ̀tàn nínú wọn, iṣẹ́ tó dáa ni, ẹ sì máa dá wọn mọ̀ kíákíá: ẹ yí i padà, Ọbabìnrin Elizabeth ló wà lójú ẹ̀, kì í ṣe Victoria, ọdún òde òní ló sì wà lára ẹ̀. Ti 1839, MDCCCXXXIX ni wọ́n kọ ọ́, lábẹ́ ẹsẹ̀ obìnrin náà. Ẹni tó kàn fẹ́ máa wo àwòrán yẹn lójoojúmọ́ láìbẹ̀rù, ti fàdákà 2019 dára fún un jù, ó tóbi, ó sì mọ́lẹ̀ lójú. Kó má kàn retí pé ó máa di ti 1839 lọ́jọ́ kan.

Ti àbúrò mi ò sí lára ìyẹn pàápàá. Mo ní kó bá mi béèrè ìwọ̀n ẹ̀, wọ́n ní gíráàmù méjìlélógún. Nǹkan tó yẹ kó sún mọ́ ogójì! Irin olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n kùn ní àwọ̀ wúrà ni.

Bẹ́ẹ̀ ìwọ̀n nìkan ò tó. Ẹni tó bá ní sikéèlì kékeré nílé, ẹ gbé ife omi lé e, ẹ tẹ̀ ẹ́ padà sí òdo, ẹ fi òwú so kọ́ìnì, ẹ rì í sínú omi láìjẹ́ kó kan ìsàlẹ̀ tàbí ẹ̀gbẹ́ ife. Nọ́ńbà tó máa jáde fún pọ́n-ùn márùn-ún 1887 tàbí 1893 gbọ́dọ̀ wà láàrin 2.2 sí 2.3, ti sovereign kan á wà ní nǹkan bíi 0.45. Tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, nǹkan míì ti wà nínú wúrà yẹn. Kọ́ìnì tó ti rìn lọ́jà ni kẹ́ ẹ ṣe é fún o, ẹ má fi prúùfù sínú omi láéláé. Ẹ sì rántí pé ó máa mú irin àti bàbà, kò lè mú ayédèrú tí wọ́n fi wúrà gidi tẹ̀, bíi àwọn sovereign tí wọ́n ń tẹ̀ ní Beirut láyé ọjọ́un. Ìyẹn, ojú tó ti rí ojúlówó púpọ̀ ló ń mú un.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ pé kọ́ìnì tówó ẹ̀ bá ti ju ẹgbẹ̀rún méjì pọ́n-ùn lọ, ẹ ra èyí tó ti wà nínú ike NGC tàbí PCGS, àwọn ilé iṣẹ́ tó ń yẹ kọ́ìnì wò tí wọ́n sì ń dé e mọ́ inú ike, kẹ́ ẹ sì tẹ nọ́ńbà ara ike náà sórí wẹ́ẹ̀bù wọn fúnra yín, kẹ́ ẹ fi fọ́tò ibẹ̀ wé èyí tó wà lọ́wọ́ yín, torí wọ́n ń ṣe ayédèrú ike náà. Tó bá sì jẹ́ gbàǹjo lẹ fẹ́ lọ, ẹ ṣírò àfikún owó tó máa wà lórí ẹ̀ kẹ́ ẹ tó nawọ́ sókè. Tí òòlù bá bọ́ sílẹ̀ ní ẹgbẹ̀rún méjì pọ́n-ùn, tí ilé gbàǹjo ń gba ogún lórí ọgọ́rùn-ún, tí ìjọba sì ń gba VAT ogún lórí ọgọ́rùn-ún lórí owó iṣẹ́ wọn, 2,480 lẹ máa san.

Èyí tí mo ní kí àbúrò mi rà

Mo béèrè lọ́wọ́ ẹ̀ pé kí ló wù ẹ́ gan-an nínú fọ́tò yẹn, ó ní ojú ọmọbìnrin yẹn ni. Mo ní ó dáa, ojú ọmọbìnrin yẹn wà níbòmíì, ọwọ́ Wyon yẹn náà ló gbẹ́ ẹ. Láti 1838 ló ti wà lórí sovereign, irun tí wọ́n dì sẹ́yìn pẹ̀lú ọ̀já, ọrùn gígùn, kò sí adé, asà Merlen sì wà lẹ́yìn. Wyon kú ní 1851 ṣùgbọ́n ojú tó gbẹ́ yẹn ò kúrò lórí sovereign títí di 1887, ọbabìnrin ń dàgbà, kò dàgbà lórí owó. Mílíọ̀nù mílíọ̀nù ni wọ́n tẹ̀, ìyẹn ló fi jẹ́ pé ẹ lè rí ọ̀kan tó mọ́ dáadáa kí owó tí ẹ fi lé wúrà inú ẹ̀ má sì pọ̀. Pọ́n-ùn kan nìyẹn o, pọ́n-ùn tí àwọn òbí wa ń ka owó sí ní Nàìjíríà kí náírà tó dé ní 1973, òun ló wà lọ́wọ́ yín ní wúrà.

Tí ẹ bá fi ọkàn méjì wò ó, Una lówó lórí, sovereign alásà ọdún 1860 sókè ṣe é rà, ojú kan náà, agbẹ́nà kan náà. Èmi ò rò pé ẹni tó mú èkejì pàdánù.

Àbúrò mi ra ti 1864. Láti 1863 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ nọ́ńbà kékeré sábẹ́ asà láti fi mọ irin tí wọ́n fi tẹ̀ ẹ́, tiẹ̀ jẹ́ 27. Mo ní kó di etí rẹ̀ mú, kó yí i sábẹ́ iná, kó wo ìsàlẹ̀ ọrùn ọbabìnrin, níbi tí William Wyon fi lẹ́tà orúkọ ara ẹ̀ sí. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó rí i. Ó wá pariwo lórí fóònù pé, "Ẹ̀gbọ́n, WW! Mo ti rí WW!"